Mọ́kànlá Nínú Mélòó?

Bantè, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá, 2024

Bàbá mi,

Àlàáfíà fún yín níbi tí ẹ wà ní Libreville. Àbúrò yín, Àǹtí Memounatou, ní kí n kí yín. Òjò ti lọ, ọyẹ́ ò tíì dé, iṣu sì pọ̀ lọ́jà débi pé àwọn ewúrẹ́ ń ṣa èyí tó wù wọ́n jẹ.

Ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà yìí já yín láyà. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá rí ìwé tí a fọwọ́ kọ láti ilé, ẹ máa rò pé ẹnì kan kú. Kò sẹ́ni tó kú. Mẹ̀síyé Wenceslas, olùkọ́ ìṣirò wa tó ń bójú tó kíláàsì katiriyẹ̀m, ọdún kẹta kọ̀lẹ́ẹ̀jì tí mo wà, ló ní ká kọ ọ́. Ó ní ìwé èsì tí ilé ẹ̀kọ́ ń fún àwọn òbí, wọn kì í kà á, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wò bóyá ọmọ yege. Nítorí náà, kí oníkálukú fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé sí ẹni tó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé: ohun tó gbà, àti ohun tó fẹ́ gbà. Ohun tó fẹ́ gbà yẹn ló ń pè ní àfojúsùn. Àǹtí á ya fọ́tò rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Èsì yín náà, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kí ẹ yà á ránṣẹ́. Ẹ má pè. Mẹ̀síyé ní ọ̀rọ̀ orí fóònù kì í pẹ́ fò lọ.

Ohun tí mo gbà rèé. Ìṣirò, méje. Faransé, mẹ́jọ. Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́sàn-án. Ìtàn àti ilẹ̀ ayé, mẹ́fà. Àfojúsùn mi nínú ìṣirò ni mẹ́sàn-án kí sáà àkọ́kọ́ tó parí. Mẹ̀síyé ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ju méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Nassirou tó ń jókòó lẹ́yìn mi fẹ́ ti orí mẹ́rin fò sí mẹ́wàá, Mẹ̀síyé bi í pé, "Ìyẹ́ rẹ dà?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá, mo mọ̀ pé ọdún kan ṣoṣo lẹ fún mi. Ọdún méjì ni mo fi kọ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ Ìyá Nafissath ní Savalou kí ẹ tó gbà kí n padà sí kọ̀lẹ́ẹ̀jì. Ẹ ní bí n kò bá ṣe dáadáa lọ́dún yìí, màá padà sídìí ẹ̀rọ. Mo gbọ́. N kò ní padà síbẹ̀. Mo ń tètè sọ fún yín ni.

Ọmọ yín,
Safourath


Libreville, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kọkànlá

Safou ọmọ Ganiou,

Mo kí ọ, mo kí àǹtí rẹ, mo kí gbogbo agboolé.

Orí àkàbà ni lẹ́tà rẹ bá mi. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fọ símẹ́ǹtì kúrò lọ́wọ́, mo wá kà á dáadáa. Méje! Ìwọ tí o fi ọdún méjì di abẹ́rẹ́ mú! Nígbà tiwa ní CM1, kíláàsì karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, Mẹ̀síyé Bonaventure kì í fún ọmọ ní méje bí kò bá sí nǹkan nínú orí ọmọ náà. Mẹ́rin, o máa jẹgba. Márùn-ún, o yè. Méje, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún ọ. Ẹni tó bá gba mẹ́wàá, ó ti gbà á tán nìyẹn, kò tún sí ibì kankan tó ń lọ.

Ìyẹn ni pé mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù fún ọ. O tún wá ní mẹ́sàn-án lo fẹ́! Lọ́jọ́ Àìkú, níbi ìpàdé àwa ọmọ Bantè tó wà níbí, mo dìde, mo kà á sétí gbogbo wọn. Ramanou ará Gouka tí a jọ ń mọlé ní, "Ganiou, ọmọ tìrẹ ni àbí o yá a?" Mo ní kó lọ wo imú rẹ, imú mi ni.

Ìtàn àti ilẹ̀ ayé nìkan ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Bàbá rẹ ń gbé ní òkèèrè, ìwọ ò mọ ilẹ̀ ayé? Tún un ṣe.

Mo ti ń rò ó pé kí Ìyá Nafissath fi ẹlòmíràn sídìí ẹ̀rọ yẹn.

Bàbá rẹ,
Ganiou


Bantè, ọjọ́ keje oṣù kejìlá
(Èyí ò ní lọ. Mo kàn ń kọ ọ́ kó lè kúrò láyà mi ni.)

Bàbá,

Ogún ni. Kì í ṣe mẹ́wàá. Ní kọ̀lẹ́ẹ̀jì, nínú ogún ni wọ́n ti ń ka ohun gbogbo. Ẹni tó bá gba mẹ́wàá ló yè. Méje mi yẹn, méje ẹni tó fìdí rẹmi ni.

N kò purọ́. Méje ni mo kọ, méje ni mo gbà. Ẹ̀yin lẹ fi mẹ́wàá sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà inú mi bàjẹ́, mo wá bá Àǹtí jà lórí omi inú korobá tí kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó ní, "Kí ló ń ṣe ọ́, ìwọ ọmọ yìí? Bàbá rẹ yìn ọ́, o tún ń wú bí àkàrà?" Mo gbé korobá náà, mo lọ pọn omi.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún mi rí. Ní Savalou, bí mo bá rán apá ẹ̀wù tó gún régé, ohun tí Ìyá Nafissath ń sọ ni pé, "Apá kejì dà?" Ẹ wá wo bó ṣe rí: ìpàdé odidi ọmọ Bantè ní Gabon, wọ́n dárúkọ mi. Mo fẹ́ kó ṣì wà bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀. Bí mo bá gba mẹ́sàn-án, màá sọ ọ́.


Bantè, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kejìlá

Bàbá mi,

Ẹ kú àìrójú. Ọyẹ́ ti dé. Ètè gbogbo wa ti là, bí ẹnikẹ́ni bá dá wa lẹ́rìn-ín, a ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi wá sílẹ̀.

Mo gba mẹ́sàn-án nínú ìṣirò.

Bí mo ṣe rí i gbà nìyí. Mẹ̀síyé pín wa sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, ó ní ká máa pàdé ní Sátidé bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe àáró lóko. Sátidé yìí, ìṣòro tèmi la jọ ń hú gbòǹgbò rẹ̀. Sátidé tó ń bọ̀, ti Nassirou. Ẹni kẹta wa ni Eulalie, ọmọ akọ̀wé kan ní ilé ìjọba ìlú. Kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlá, ṣùgbọ́n òun lọ̀gá wa nínú ìṣirò ìdá. Ó ń pè mí ní Màmá nítorí pé mo ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó ní, "Màmá, ìdá mẹ́ta kì í ṣe ẹran iléyá, má gé e bẹ́ẹ̀!" Mo fẹ́ gbá a létí, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ.

Bí sáà bá parí, oníkálukú á dìde níwájú kíláàsì, á sọ ohun tó ní òun fẹ́ gbà, ohun tó gbà, àti ìdí rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn. Nígbà tó kàn mí, mo ní, "Mo ní mẹ́sàn-án, mo gba mẹ́sàn-án, nítorí pé mo ti ṣíwọ́ dídi ojú tí mo bá rí ìdá." Mẹ̀síyé kàn mi orí ni. Mẹ̀síyé kì í mi orí fún ẹnikẹ́ni.

Ìtàn àti ilẹ̀ ayé ti di mẹ́jọ. Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ sọ fún yín, ṣùgbọ́n Àǹtí ń dúró de fóònù rẹ̀.

Safourath


Libreville, ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní, 2025

Safou, ìyá ìṣirò,

Ẹ kú ọdún o, ẹ̀yin ará ilé.

Mẹ́sàn-án! Mo pariwo débi pé ẹni tó ń po símẹ́ǹtì nísàlẹ̀ rò pé mo ń já bọ́. Ó ku ẹyọ kan ṣoṣo! Jẹ́ kí ẹyọ yẹn wà, ti Ọlọ́run nìyẹn.

Mo ti jókòó ro ọ̀rọ̀ rẹ. Ẹni tó ti gba mẹ́sàn-án, kí ló tún ń wá ní Sátidé láàárín àwọn tí kò mọ̀? Nassirou yẹn ń fà ọ́ sẹ́yìn ni. Kajú ti fẹ́ máa pọ́n ní oko wa ní Lougba, ẹ̀yìn sì ń dun Memounatou, kò lè dá a ṣa. Mo ti pè é. Láti Sátidé tó ń bọ̀, kí ẹ jọ máa gun alùpùpù lọ sí Lougba títí ìkórè á fi parí. Orí rẹ gbé e. Àwọn tí orí wọn ò gbé e ni kó máa kàwé ní Sátidé.

Kí ni ohun tí o ní o fẹ́ sọ? Bí ó bá jẹ́ bàtà ni, má tijú, sọ ọ́.

Bàbá rẹ


Bantè, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú òjò Gabon. Inú ń bí mi, nítorí náà lẹ́tà yìí ò ní gùn.

Láti ìgbà tí ẹ ti pe Àǹtí, gbogbo Sátidé ni mò ń ṣa kajú. Oje rẹ̀ ti jẹ ìka mi, awọ ń bó bíi ti ejò. Bí mo bá di bírò mú lọ́jọ́ Ajé, ó ń ta mí. Àǹtí ò ṣẹ̀ mí, òun náà ń ṣa. Ó ń kọrin, èmi ń ka ìdá lábẹ́ ẹnu. Ó ní, "Safou, ṣé igi lò ń ṣépè fún ni?"

Ní kíláàsì, Eulalie bi mí pé, "Màmá, wọ́n ní o ti lọ́kọ ní Lougba?" Nassirou ti gba mẹ́jọ. Nassirou tí ẹ ní ó ń fà mí sẹ́yìn! Nínú ìdánwò kékeré tó kọjá, ó fi ẹyọ kan jù mí lọ. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú mi, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

Mẹ̀síyé pè mí. Ó ní, "Àfojúsùn rẹ fún sáà kejì tó máa parí lóṣù kẹfà dà?" Mo sọ fún un. Ó ní, "Ó dára. Kọ ọ́ sílé bó ṣe rí gan-an." Nítorí náà mo ń kọ ọ́ bó ṣe rí. Àfojúsùn mi nínú ìṣirò: mọ́kànlá.

Ẹ kà á dáadáa, Bàbá. N kò ṣì í kọ.

Mo fẹ́ Sátidé mi padà.

Safourath


Libreville, ogúnjọ́ oṣù kejì

Safou,

Mo kà á, mo tún un kà. Mọ́kànlá? Ta ló ń ka ìka ọwọ́ ara rẹ̀ tó bá mọ́kànlá? Olùkọ́ yẹn ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó wù mí kí n pe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yín kí n bi í irú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọmọ wa.

Mo fi han Ramanou kó lè bá mi bínú. Kò bínú. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó ní kí n kọ́kọ́ bi ọ́ léèrè ohun kan: mọ́kànlá nínú mélòó?

Má kí mi. Dá mi lóhùn.


Bantè, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kejì

Nínú ogún.

Ẹ ní kí n má kí yín, n kò kí yín.

Gbogbo ohun tí mo ti kọ sí yín láti oṣù kọkànlá, nínú ogún ni. Ní kọ̀lẹ́ẹ̀jì, mẹ́wàá lèèyàn fi ń yè. Méje mi kò yè. Mẹ́sàn-án mi náà kò yè, ó kù díẹ̀. Bí ẹ ṣe fèsì lẹ́ẹ̀kíní ni mo ti mọ̀ pé ẹ ṣì í kà. Mo dákẹ́. Kì í ṣe pé ẹ̀rù bà mí. Ó dùn mọ́ mi ni. Mo rò pé bí mo bá sáré, màá bá ìyìn yín níbi tó wà kí ẹ tó mọ̀ pé n kò tíì débẹ̀. Bí mo ṣe ń sáré lọ́wọ́, ìyìn náà ló gba Sátidé lọ́wọ́ mi. Ó tọ́ sí mi. Mo ti sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò ní gbà. Ẹ má sọ pé mẹ́sàn-án yẹn kì í ṣe nǹkan kan. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Savalou dé, mẹ́ta ni mo gbà nínú ìṣirò. N kò kọ ìyẹn sí yín. Mẹ́ta, méje, mẹ́sàn-án. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi gùn ún. Bí ẹ bá ka mẹ́sàn-án yẹn fún àwọn ará Bantè lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lú ogún lábẹ́ rẹ̀, n kò ní bo ojú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fún mi ní Sátidé mi, kí ẹ tó máa bínú.

Safourath


Bantè, ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹta

Bàbá mi,

Mo kí yín bí mo ṣe máa ń kí yín, bí ẹ kò tilẹ̀ fẹ́.

Ẹ ń pe Àǹtí. Mò ń gbọ́ ohùn yín níbi tí mo ti ń fọ abọ́. Ẹ ń béèrè kajú, ẹ béèrè ewúrẹ́ tó bí ìbejì, ẹ kò béèrè mi. Àǹtí ní, "Ọmọ rẹ wà níbí o." Ẹ ní fóònù ń já. Kò já, Bàbá. Mò ń gbọ́ yín kedere.

Bí ẹ bá fẹ́ nà mí, ẹ kọ̀wé nà mí. Ìbínú mo mọ̀ ọ́n. Ìdákẹ́ ni n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀. Mo jókòó ti ẹnu ọ̀nà láàárọ̀ yìí, ẹkún gbọ̀n mí, mo ní èéfín igi ni.

Mo ṣì ń lọ sí Lougba. Mo ń fi ọ̀já so ìwé ìṣirò mọ́ ìdí. Nígbà mìíràn, Àǹtí máa ń bá mi ṣa abẹ́ igi kan tó jẹ́ tèmi kí n lè parí ìbéèrè kan. Ẹ má sọ fún un pé mo sọ.

Àfojúsùn mi ò yí padà.

Safourath


Libreville, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin

Safourath,

Mo ti kí Memounatou. Kó kí ọ.

Mo dìde níbi ìpàdé. Mo ní, "Mẹ́sàn-án ọmọ mi tí mo kà fún yín, nínú ogún ni." Àgbàlagbà kan rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Nígbà tí a ń padà lọ sílé, Ramanou ní, "Ganiou, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Ọmọ mi náà wà ní kọ̀lẹ́ẹ̀jì ní Gouka. Inú rẹ dùn púpọ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó fẹ́ bà á jẹ́." Ìyẹn ló dùn mí jù, Safou. Gbogbo wọn mọ̀. Èmi nìkan ni mo dúró síbẹ̀ tí mò ń yan bí àkùkọ.

Ó ti tán. Mo ti sọ fún Memounatou pé kó fi ọ́ sílẹ̀ ní Sátidé. Kò sí kajú fún ọ mọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní èmi ni mo dí ọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ nìyí. Mo ti fi méje àti mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá yangàn. Bí a bá sọ wọ́n di ti ogún, mẹ́rìnlá àti méjìdínlógún ni; kò gbọ́dọ̀ dín ní mẹ́rìndínlógún tó wà láàárín wọn. Kọ mẹ́rìndínlógún fún olùkọ́ rẹ. Bí o kò bá gbà á, ẹ̀rọ Ìyá Nafissath ṣì wà níbẹ̀. Mo ti bá a sọ̀rọ̀.

Ganiou


Bantè, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ ṣeun fún Sátidé. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà.

Mẹ́rìndínlógún, rárá.

Ẹ má tíì ju ìwé yìí nù. Bí ẹ bá ń mọlé, tí onílé wá dúró lórí yín, tó ní kí ẹ to bíríkì láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé lójúmọ́ kan nítorí pé ó ti sọ fún àwọn àna rẹ̀ pé ilé ti parí, ṣé ẹ máa gbà? Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi, nígbà tí mo kéré, pé símẹ́ǹtì tó ṣì tutù kì í ru ẹrù. Ẹ ní ilé onílé kan wó ní Tchetti nítorí ìyẹn.

Mo lè kọ mẹ́rìndínlógún. Ó rọrùn láti kọ. Màá kọ ọ́, inú yín á dùn, nígbà tó bá di oṣù kẹfà, a máa padà síbi tí a ti wà yìí: èmi pẹ̀lú nọ́ńbà tí kì í ṣe tèmi, ẹ̀yin níwájú àwọn ará Bantè. N kò fẹ́ ṣe ìyẹn sí yín lẹ́ẹ̀mejì.

Mọ́kànlá ni. Bí ẹ bá fẹ́ fi Savalou dẹ́rù bà mí, orí mọ́kànlá ni kí ẹ gbé e lé.

Safourath


Libreville, ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún

Safou,

Ẹnu rẹ mú ju abẹ́rẹ́ Savalou lọ. Ìwọ ni o ń kọ́ bàbá rẹ bí wọ́n ṣe ń mọlé?

Mo ka lẹ́tà rẹ fún Ramanou. Ó ní òun ò ní dá sí i, ó wá ń rẹ́rìn-ín sínú símẹ́ǹtì. Ó dára. Mọ́kànlá. Mo gbà. N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ní ìpàdé, n kò sì ní sọ. Ṣùgbọ́n mọ́kànlá tí o fẹnu ara rẹ sọ yìí, òun ni àdéhùn wa.

Jẹun kí o tó lọ ṣe ìdánwò.

Bàbá rẹ


Bantè, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí Ramanou náà. Àgbàdo ti yọ orí, ilẹ̀ Bantè ti tutù. Mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ilé wa láti fara balẹ̀ kọ èyí.

Mẹ̀síyé pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Nassirou dìde, ó ní, "Mo ní mẹ́sàn-án, mo gba mẹ́wàá." A pàtẹ́wọ́ fún un títí tójú fi tì í. Ó kàn mí. Mo ní, "Mo ní mọ́kànlá. Mo gba mẹ́wàá àbọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ìbéèrè kan wà tó dùn mọ́ mi, mo ṣe é lọ́nà méjì kí wọ́n lè rí i pé mo mọ̀ ọ́n. Aago lù kí n tó débi ìbéèrè ìkẹyìn." Eulalie dijú. Mẹ̀síyé ní, "Ìgbéraga nìyẹn, Safourath." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mẹ̀síyé." Ó ní, "Ṣé kí a dín àfojúsùn tó ń bọ̀ kù?" Mo ní rárá.

Mọyẹ́ẹ̀nì mi fún ọdún, ìyẹn gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n rò pọ̀ tí wọ́n pín, lé díẹ̀ ní mẹ́wàá. Ilé ẹ̀kọ́ ní mo yege, kí n máa lọ sí kíláàsì BEPC, ìdánwò tí wọ́n fi ń jáde kọ̀lẹ́ẹ̀jì. Ṣùgbọ́n ìyẹn ni tilé ẹ̀kọ́. Àdéhùn tèmi pẹ̀lú yín ni mọ́kànlá, n kò sì dé ibẹ̀. N kò ní bẹ̀bẹ̀ pé àbọ̀ péré ló kù. Ó kù, ó kù náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fẹ́. Mo fẹ́ ṣe BEPC. Àfojúsùn mi nínú ìṣirò á jẹ́ méjìlá. Mo fẹ́ gbogbo Sátidé mi, nígbà kajú àti nígbà tí kò sí kajú. Lọ́jọ́ Àìkú, màá lọ sí Lougba láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán mi, nítorí ẹ̀yìn Àǹtí.

Mo ti ń to aṣọ mi sọ́nà méjì. Bí ẹ kò bá gbà, ẹ kọ̀wé kí wọ́n tó wọlé lóṣù kẹsàn-án, màá gbé àpò mi, màá lọ bá Ìyá Nafissath ní Savalou, ẹ ò ní gbọ́ ariwo lẹ́nu mi. Bí ẹ bá gbà, ẹ má kọ nǹkan kan. Ẹ fi mí sílẹ̀ báyìí.

Ọmọ yín,
Safourath


Bantè, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi,

Gbogbo ìgbà tí fóònù Àǹtí bá dún nínú ìsinmi yìí, èmi ni mò ń kọ́kọ́ sáré dé ìdí rẹ̀. Ẹ fi fọ́tò ilé tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bò lórí ránṣẹ́ sí i. Ẹ béèrè ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ bá a rẹ́rìn-ín lórí ewúrẹ́. Mo wẹ ọwọ́, mo ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mò ń wá orúkọ mi. N kò rí i. Lánàá, Àǹtí ní, "Kí lò ń wá nínú fóònù mi bí adìẹ?" Mo ní kò sí.

Ilé ẹ̀kọ́ wọlé láàárọ̀ yìí. Mo tú àpò Savalou náà palẹ̀ kí n tó wẹ̀. Nassirou ti gba ìjókòó ẹ̀yìn mi, Eulalie ti ń pe àwọn ọmọ tuntun kí wọ́n wá wo Màmá kíláàsì. Mẹ̀síyé kọ ọ́ sójú pátákó pé ká kọ̀wé sílé lóṣù tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n n kò lè dúró dè é.

Ẹ ṣeun tí ẹ dákẹ́, Bàbá. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Safourath